Ìwé Tó Yẹ Kó Wà Nílẹ̀ Kí Lẹ́tà Owó Orí Tó Dé: Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣòwò Kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn di mú nínú rẹ̀, láti Ọjà Jagun dé Ṣábó, ni pé wọ́n ti yọ oníṣòwò kékeré sílẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò pé. Owó ni òfin yọ lọ́rùn ọ̀pọ̀ wa, kò yọ ìwé. Ẹni tí owó orí rẹ̀ bá já sí òdo ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òdo ni. Bí kò bá kọ ọ́, ìtanràn àìkọ̀wé jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní ìlú yìí tí owó orí wọn lọ́dún kò tó ìtanràn oṣù kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òwò ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn ṣe ìwé, akáńtáǹtì, lọ́yà, ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń bá aráàlú forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ḿpínnì sílẹ̀), ẹ má tíì lọ. Ìpín tiyín wà nísàlẹ̀.

1. Ẹ mọ irú òwò tí ẹ ń ṣe lójú òfin

Bí orúkọ yín gan-an, láìfi nǹkan kan kún un, ni ẹ fi ń ṣòwò, òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin tó ń ṣàkóso kọ́ḿpínnì àti orúkọ òwò, kò fi dandan lé e pé kí ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC. Tí ẹ bá ti fi "Enterprises" tàbí "Ventures" kún un, ó ti di business name, ìyẹn orúkọ òwò, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé. BN ló máa ń ṣáájú nọ́mbà rẹ̀. Èyí tó kù ni kọ́ḿpínnì tó ní "Ltd" lẹ́yìn orúkọ, tí RC ṣáájú nọ́mbà rẹ̀. Òfin 2020 yẹn ló gbà kí ẹnìkan ṣoṣo dá irú kọ́ḿpínnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Business name kò ya ẹ̀yin àti òwò sọ́tọ̀. Gbèsè òwò, gbèsè yín ni. Bí ilé ẹjọ́ bá dájọ́ fún ẹni tí òwò jẹ lówó, ọkọ̀ yín àti ilẹ̀ tí ẹ rà sí òpópónà Ìlọrin wà lára ohun tí wọ́n lè fọwọ́ lé. Owó orí rẹ̀ náà, owó orí ti ara yín ni, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, nípasẹ̀ OYSIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Kọ́ḿpínnì Ltd ní tirẹ̀ ń dá dúró lójú òfin. Ó lè jẹ gbèsè tirẹ̀, ó sì ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe owó orí, lọ́wọ́ àjọ NRS tí a ń pè ní FIRS tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìròyìn "wọ́n ti yọ wá sílẹ̀" ti dàrú. Kọ́ḿpínnì tí gbogbo ọjà tó tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí ohun ìní rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ (bí ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀) kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù, ni òfin pè ní kékeré, tí kò ní san owó orí kọ́ḿpínnì. Business name kì í ṣe kọ́ḿpínnì. Ohun tí òfin fún oníbusiness name ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè rẹ̀ lọ́dún kò lówó orí. Ohun tó bá ṣẹ́kù lórí rẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni fún ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀lé e, kó tó máa gòkè dé 25 fún àwọn olówó ńlá. Nítorí náà, bí ẹnì kan tó ní BN bá sọ fún yín pé òun kò ní san kọ́bọ̀ torí ọjà òun kò tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, àlàyé ẹlòmíì ló gbé sórí ara rẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá lọ sọ ọ́ di Ltd? Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń wá kọ́ńtíráàtì, ẹni tó fẹ́ yá owó ńlá, tàbí ẹni tó ní alábàáṣiṣẹ́ ló yẹ kó ronú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é nítorí iyì ni wọ́n sábà máa ń pa ìwé ọdọọdún rẹ̀ tì.

2. Ẹ gba ìwé CAC yín kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá yín ṣe é

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yín forúkọ sílẹ̀: ímeèlì ta ni ó fi sínú rẹ̀? Nọ́mbà fóònù ta ni? Bó bá jẹ́ tirẹ̀, gbogbo lẹ́tà tí CAC bá kọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Lọ́jọ́ tó bá kó lọ sí Èkó tàbí tí fóònù rẹ̀ sọnù, òwò yín ti di ohun tí ẹ kò lè wọlé sí. Ẹ ní kó yí i padà sí tiyín níṣojú yín, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí àti status report (ìwé CAC tó sọ ipò tí òwò yín wà) sọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ má fi í mọ sórí WhatsApp.

Lẹ́yìn náà ẹ wo bóyá annual returns, ìwé ọdọọdún tí òwò ń fi ránṣẹ́ sí CAC, ti wọlé. Oníbusiness name gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, àyàfi ọdún tó forúkọ sílẹ̀. Ti kọ́ḿpínnì yàtọ̀ sí èyí. Bí ẹ kò bá ṣe é, CAC lè kọ INACTIVE (pé òwò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́) síwájú orúkọ yín. Báńkì tàbí ẹni tó fẹ́ fún yín níṣẹ́ máa rí i kí ẹ̀yin tó rí i. Annual returns yìí kì í ṣe owó orí o. CAC ló ni ín, ẹni tó ti ṣe é kò tíì ṣe ti OYSIRS.

Orúkọ tó wà lórí NIN, lórí BVN àti lórí ìwé CAC gbọ́dọ̀ bára mu. NIN yín ni nọ́mbà owó orí yín báyìí bí ẹ bá jẹ́ ẹnìkan. Nọ́mbà CAC ni ti iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Bí "Olúwafúnmiláyọ̀" bá wà níbì kan tí "Fúnmi" wà níbòmíì, ìyà rẹ̀ ń bọ̀ níwájú káńtà báńkì. Ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ fún owó orí tí kò ṣe é, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦50,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦25,000 fún oṣù tó bá tẹ̀lé e.

3. Ẹ ya owó òwò sọ́tọ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́

Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí.

Bí òṣìṣẹ́ owó orí kò bá rí ìwé yín, òfin gbà á láàyè láti fi òye ara rẹ̀ díye lé ohun tí ẹ pa. Ohun tó sì sún mọ́ ọn jù láti fi díye ni owó tó wọ àkáǹtì báńkì. Ẹ wo obìnrin kan tó ń ṣe POS ní Under-G lẹ́bàá LAUTECH, ká sọ pé ₦60 mílíọ̀nù ló gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá lọ́dún. Owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Tirẹ̀ ni owó iṣẹ́ tó yọ lórí wọn, ká ní ó jẹ́ ₦2,100,000. Nínú rẹ̀ ló ti san owó ṣọ́ọ̀bù, dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ tó ń bá a jókòó, gbogbo rẹ̀ ₦900,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Ilé tó ń gbé, ₦200,000 ló ń san lọ́dún, òfin sì gbà kó yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ohun tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ: ₦40,000 ni tirẹ̀. Ó ku ₦1,160,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦360,000. Ìdá 15 rẹ̀ ni ₦54,000. Owó orí ọdún kan nìyẹn.

Bí kò bá ní ìwé ńkọ́? Ọgọ́ta mílíọ̀nù ló wà lójú báńkì, òun ló sì kù fún láti ṣàlàyé pé kì í ṣe òun ló ni ín. Bó bá sì ní ìwé ṣùgbọ́n tó fi í ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tó ti yẹ, ìtanràn rẹ̀ máa dé ₦250,000 lórí owó orí ₦54,000.

Nítorí náà, àkáǹtì òwò lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Owó àjọ kò gbọdọ̀ gba inú àkáǹtì òwò kọjá, bẹ́ẹ̀ ni owó aṣọ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni owó tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti òkè òkun fún ìsìnkú. Bó bá ṣèèṣì gba ibẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an: ta ló fi í ránṣẹ́, kí ló wà fún. Ìwé ńlá onílà mẹ́rin ti tó fún ọ̀pọ̀ òwò: ọjọ́, ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó wà fún. Ẹ kọ ọ́ ní àṣálẹ́ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń dúró de òpin oṣù máa gbàgbé owó alábàárù àti owó tí ó fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àwọn yẹn sì ni ìnáwó tó ń dín owó orí kù. Ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Bí ẹni tí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ní rìsíìtì, bí àwọn tó ń kó kaṣú wá láti oko, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye àti nọ́mbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà ó kéré tán.

4. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ lásìkò

Oníṣòwò tó ń dá ṣe, tàbí tó ní business name, ọ̀dọ̀ OYSIRS ló máa fi ìwé owó orí rẹ̀ ti ọdún tó kọjá sí, ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, tàbí ẹ̀rí tí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Kọ́ḿpínnì ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò rẹ̀ bá parí láti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí NRS, yálà ó ní nǹkan láti san tàbí kò ní.

Lórí VAT, owó orí tí wọ́n ń bù lé iye ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà, ṣùgbọ́n oníṣòwò kékeré kò ní láti máa bù ú lé oníbàárà. Ewu ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ "VAT 7.5%" sórí rìsíìtì torí pé ó jọ tàwọn iléeṣẹ́ ńlá. Bí ẹ bá ti gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, owó ìjọba ló wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ kò bá sì san án, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó orí nìkan mọ́. Ẹni tó yẹ kó gbà á ní láti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà fún LAUTECH, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ìjọba, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń yọ nǹkan lórí owó yín kí wọ́n tó san án. Kì í ṣe olè, owó orí tí ẹ san ṣáájú ni. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú tọdún náà. Ẹni tí kò ní nọ́mbà owó orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ fún un. Ìtanràn ₦5 mílíọ̀nù sì wà fún ẹni tó bá gbé kọ́ńtíráàtì fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún owó orí, ìdí nìyẹn tí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì fi ń le koko báyìí.

5. Òṣìṣẹ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́

Òfin iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. Bébà kan ti tó. Owó orí tí ẹ bá yọ lórí owó oṣù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ OYSIRS ní ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ gbogbo ọdún ránṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ lófin, ₦70,000, ẹ kò ní yọ nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ni ti NSITF, àjọ tó ń tọ́jú owó ìrànwọ́ fún ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ yín bá di 15, owó ìfẹ̀yìntì di dandan.

6. Àwọn tó ń wá gbowó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù

Ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ṣọ́ọ̀bù, owó ilé, owó pátákó orúkọ àti irú wọn. Òfin tó to orúkọ owó wọ̀nyí jọ ti wà láti 1998, ó sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dí ojú ọ̀nà nítorí gbígba owó orí. Nítorí náà, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó na owó: ìwé ìbéèrè-owó tó ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, orúkọ owó náà gan-an, àti àkáǹtì tí owó máa wọ̀. Ẹ má fi owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ èwo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá àti Gúúsù. Ẹni tó wà lẹ́bàá ààlà lè rí èèyàn láti apá méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ fi rìsíìtì ọ̀kan hàn èkejì, kí ẹ sì ní kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Owó ẹgbẹ́ ọjà kì í ṣe owó orí. Ẹ san án torí ìrẹ́pọ̀, àmọ́ kò dípò ti ìjọba.

7. Gbèsè àti ìwé àdéhùn

Ọjà àwìn tó bá ju èyí tí ẹ lè gbàgbé lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye, ọjọ́ ìsanwó, ìbuwọ́lùwé, ẹlẹ́rìí kan. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó buwọ́ lùwé ìdúró fún ẹlòmíì ní báńkì àwọn ẹlẹ́yàwó kéékèèké, ẹ ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, oníduúró kì í ṣe ẹlẹ́rìí, ajigbèsè kejì ni.

Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Bí wọ́n bá mú yín lọ sí àgọ́ nítorí owó ọjà, ẹ pe lọ́yà, ẹ má buwọ́ lùwé "mo máa san lọ́la" níbẹ̀. Èyí kan ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó náà: ilé ẹjọ́ ni ọ̀nà yín.

8. Fún ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé

Ẹ̀yin akáńtáǹtì àti agbaninímọ̀ràn, ewu tiyín bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń gba owó orí oníbàárà sínú àkáǹtì ara yín "kí n bá yín san án." Ẹ má ṣe é. Ẹ fún un ní nọ́mbà ìsanwó, kí ó san án fúnra rẹ̀, kó fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín. Owó tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi nígbà tí kò bá débi tó ń lọ.

Ẹ má buwọ́ lùwé tí ẹ kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà tó ní "ẹ ṣáà kọ ọ́ pé mi ò jèrè lọ́dún yìí" ń ní kí ẹ bá òun purọ́ fún ìjọba, òfin sì mọ ẹni tó ran òpùrọ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ ìmọ̀ràn yín sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp: "Mo sọ fún yín lónìí pé ẹ ní láti fi ìwé yìí sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31." Lọ́jọ́ tí ìtanràn bá dé, ohun tó máa yà yín sọ́tọ̀ nìyẹn. Ìwé àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀yin àti oníbàárà: kí lẹ máa ṣe, kí lẹ kò ní ṣe, èló ni. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín akáńtáǹtì àti oníbàárà jẹ́ lórí iṣẹ́ tí ẹnì kan rò pé èkejì ń ṣe.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ yín fojú fò: òfin tuntun kò ka iléeṣẹ́ tó ń ta ìmọ̀ iṣẹ́ ọjọ́gbọ́n mọ́ kọ́ḿpínnì kékeré. Bí ọ́fíìsì akáńtáǹtì tàbí ti lọ́yà yín bá jẹ́ kọ́ḿpínnì, àǹfààní òdo tí ẹ ń ṣàlàyé fún oníbàárà kò kàn yín, bí ó ti wù kí owó yín kéré tó. Akáńtáǹtì tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC, nítorí òfin tó ń dènà fífi owó ẹ̀tàn pamọ́. NIN àti BVN oníbàárà tó wà lórí fóònù yín, òfin ààbò dátà ti 2023 ń ṣọ́ ọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọ́fíìsì máa pín in kiri.

9. Bí lẹ́tà bá dé

Ẹ ṣí i. Ó jọ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́, àmọ́ lẹ́tà tí wọn kò ṣí ló ń di ẹjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sórí rẹ̀, torí ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti kọ àtakò bí iye tí wọ́n díye lé yín kò bá tọ́. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí ìdáhùn, iye náà ti fìdí múlẹ̀, ẹ kò sì ní lè ta kò ó mọ́.

Lẹ́tà àtakò gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹ gbà pé ẹ jẹ, iye tí ẹ kò gbà, àti ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Owó náà pọ̀ jù" kì í ṣe ìdí. "₦57,900,000 nínú ₦60,000,000 tí ẹ kà jẹ́ owó oníbàárà POS, àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá" ni ìdí. Ẹ san èyí tí ẹ gbà. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ọ̀kan, kí ẹ mú un padà sílé. Bí wọ́n bá kọ àtakò yín, Tax Appeal Tribunal (ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí) ti ìhà Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù ń jókòó ní Ìbàdàn, ìwé òwò ọdún náà, láti ojú ewé àkọ́kọ́, sì ni lọ́yà yín máa kọ́kọ́ bèèrè.